Epo Tí A Fi Èso Jíjẹrà Sè ní Òde-Ayé

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo dé gáréèjì ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, ṣùgbọ́n oòrùn ti gòkè kí táyà ọkọ̀ wa tó yí. Kì í ṣe pé èrò kò pé. A ti pé, a ti há mọ́ra wa, ẹrù ti wà lórí ọkọ̀, owó ti wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Epo ni kò sí. Dẹ́rẹ́bà wa, ọkùnrin kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní Rájí, ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ wá epo kiri, àwa sì jókòó, à ń wo ilé epo mẹ́ta tí wọ́n fi okùn dí ẹnu ọ̀nà wọn. Ayé ológun ni. Ìjọba ní náírà mọ́kànlá ni lítà kan. Níbo? Ogójì náírà ni wọ́n ta á fún Rájí, ó sì da ìyà rẹ̀ lé wa lórí. Ọ̀nà Òrè tí mo ti san ọgọ́rin náírà fún rí di igba náírà. Mo bínú, mo sì san án, nítorí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí ní ẹjọ́ kò lè sọ pé òun ò lọ mọ́.

“Àǹtí, ẹ má wojú mi báyẹn,” Rájí wí. “Èmi kọ́ ni mo kó epo pamọ́.”

“Ta ló ń wojú rẹ? Orílẹ̀-èdè yìí ni mò ń wò. Wọ́n ń fa epo lábẹ́ òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí à ń lọ yìí gan-an, a ò sì rí èyí tí a ó fi dé ibẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi lè jẹ́ ṣọ́jà. Mo wẹ̀yìn. Ìyá arúgbó kan tó gbé adìyẹ lẹ́sẹ̀ ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi kúrò nílé. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà yẹn, Òde-Ayé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni wọ́n rán mi lọ nígbà tí mò ń ṣe agùnbánirọ̀. Kẹ́místírì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ilé ìwé náà kò ní irinṣẹ́ kankan, àfi ìgò fífọ́ méjì àti tábìlì tí ikán ti jẹ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ bí ohun tó ń hó ṣe ń di oru, tí oru sì tún ń padà di omi, mo kó wọn lọ sí etí odò, sọ́dọ̀ àwọn tó ń se ògógóró. Obìnrin tí mo gbé ilé rẹ̀ nígbà náà, Màmá Ọmọ́táyọ̀, ló gbé oúnjẹ wa tẹ̀ lé wa. Òun ló ni ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ládùúgbò náà. Ó dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ, ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ náà sì ju ti gbogbo wọn lọ. Mo rò pé ó kàn ń bá mi ṣàwàdà ni.

Àfi bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe dé. Ó ní, “Tíṣà, ohun tí o kọ́ wa ti di ẹjọ́ sí mi lọ́rùn. Mò ń fi èso tó ti jẹrà se epo fún ẹ́ńjìnì mi. Ìjọ wa ní ọtí ni mò ń sè. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọn ó sọ bóyá mo lè máa wọ aṣọ funfun mi lọ. Jọ̀ọ́, wá bá mi ṣàlàyé.”

Ẹni tí kò bá mọ àwọn Aládùúrà lè sọ pé aṣọ lásán ni. Kì í ṣe aṣọ lásán. Ìjọ Màmá kì í mu ọtí, wọn kì í mu sìgá, wọn kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n bá bá wí, wọn a ní kó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, kó máa jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú aṣọ ilé, lójú gbogbo ìjọ. Màmá ti ń wọ tirẹ̀ láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú. Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀kan hàn mí nínú àpótí, tí ó ti lọ̀ tó sì ká jọ, ó ní èyí ni kí wọ́n fi sin òun.

Láti Ifẹ̀ dé Oǹdó, ọ̀nà kò burú jù. Láti Oǹdó dé Òrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí. Kòtò ibẹ̀ jìn débi pé Rájí ní kí àwọn tó wà níwájú sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ lè gòkè. Ní ọ̀dọ̀ wa, igi kòkó ló ń bá ọ̀nà rìn, ó sì máa ń ṣókùnkùn lábẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ Òrè, ọ̀pẹ ló gba ilẹ̀, ilẹ̀ sì ń pọ́n sí i, afẹ́fẹ́ ń tutù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ sí i.

Ní Òrè, mo ra búrẹ́dì mẹ́ẹ̀dógún náírà àti ọ̀pẹ̀yìnbó méjì ní ogún náírà, wọ́n bó o fún mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó ibẹ̀ dùn débi pé inú mi rọ̀ díẹ̀. Ìgbà tí mo lọ tọ̀ lẹ́yìn àtíbàbà ni inú tún bí mi. Òkìtì ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn tó ti jẹrà ló wà níbẹ̀, ó ga tó àyà mi, eṣinṣin bò ó. Mo bi obìnrin tó tà fún mi léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ọkọ̀ tó yẹ kó kó o lọ Èkó ni kò rí epo.” Ẹ gbọ́ o. Epo kò sí, èso jẹrà. Èso jẹrà, àgbẹ̀ ò rówó. Èso tó jẹrà náà sì nìyí, epo ni, kò sí ẹni tó mọ̀ bí kò ṣe obìnrin kan ní Òde-Ayé, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ mìíràn dé Òkìtìpupa ní ọgọ́rùn-ún náírà, mo sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ Òde-Ayé, ọlọ́kadà náà wo àpò mi.

“Ulé Màmá Ẹlẹ́ńjìnì ni ẹ ń lọ?”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Aghọn ti sọ pé tíṣà kan ń ghá láti Ifẹ̀.” Ilé tiwa ni ulé tiwọn, wọ́n tiwa ni aghọn tiwọn, wá tiwa ni ghá tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni owó wa ń jẹ́ oghó lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ ọdún kan kì í gbàgbé. “Ẹ bá wa bẹ ìjọ o,” ó wí. “Bí Màmá bá dá ẹ́ńjìnì dúró, ẹ̀gẹ́ ìyá mi á jẹrà.”

Màmá Ọmọ́táyọ̀ ti rù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, “Ọma mi, ghá jókòó,” lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá ilé ìwé nítorí mi. Púpurú àti ọbẹ̀ ẹja ló gbé fún mi. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń fún, tí wọ́n á mọ roboto, tí wọ́n á sì yan sórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa dúdú. Wọ́n á ha dúdú náà kúrò kí wọ́n tó gún inú rẹ̀, kí wọ́n sì rò ó. Ó jọ fùfú wa, ṣùgbọ́n òórùn èéfín wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ata. Mo jẹ àwo méjì.

Ẹ̀yìn oúnjẹ ló mú mi lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mo fẹ́ kí ẹnìkan ní ilé wa náà gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti rọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, ọsàn tí ọjà kò rà, gbogbo rẹ̀ ló ń gún nínú odó. Ó ń dà á sínú dùrọ́ọ̀mù, ó sì ń bu ẹmu kíkan tí àwọn adẹ́mu fẹ́ dà nù sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà tó bá ti hó tó sì ti dákẹ́, á sẹ́ ẹ, á gbé omi rẹ̀ kaná. Ìhá ẹyìn tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa ló fi ń dáná. Páìpù bàbà gùn láti orí dùrọ́ọ̀mù, ó gba inú ọkọ̀ ojú omi kan tó ti lu kọjá. Apẹja kan ló ju ọkọ̀ náà nù, Màmá dí ihò rẹ̀, ó rọ omi tútù kún un, oru á gba inú omi yẹn kọjá, á sì kán sínú ìgò ní ìdí rẹ̀.

“Bí mo bá dúró síbẹ̀, ògógóró ni,” ó wí. “N kì í dúró síbẹ̀. Mo tún ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì, iná jẹ́jẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ kán ni mò ń gbà.”

“Báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tí ẹ ó dúró?”

Ó bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ó ṣáná sí i. Ó jó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn ní ọ̀sán, ṣíbí náà sì gbẹ táútáú. “Bí omi bá kù sínú ṣíbí, mo dá iṣẹ́ dúró. Omi kì í rin ẹ̀gẹ́.”

Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí, tí mo ń kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sára bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún, n kò ronú kan ṣíbí rí. Ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló bá a mú ihò kabúrétọ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ìdérí bẹntiróòlù kan ló fi ń jí ẹ́ńjìnì náà, ìyókù di ti epo tirẹ̀. Àwọn obìnrin ń ru ẹ̀gẹ́ wá láti Igbódìgò pàápàá. Gbogbo ẹ́ńjìnì yòókù ti dákẹ́.

Mo ní, “Ta ló wá pè yín lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tó dára báyìí?”

“Bàbá Akínfọlárìn. Àgbà ìjọ ni. Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan wà nípa bàbá yẹn tí mo fẹ́ kí o…”

“Ẹ dákun, Màmá, ẹ má sọ ọ́. N kò fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá rí irú èyí tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń dùn ún.”

Ó wò mí. Ó lọ sá aṣọ funfun rẹ̀ tó ti fọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé jáde. A jókòó sórí ẹní, obìnrin lápá òsì, ọkùnrin lápá ọ̀tún, bàtà gbogbo wa wà níta. Abẹ́là ń jó lórí pẹpẹ, ìgò lọ́fíńdà mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ń fi lọ́fíńdà wọ́n ilé àdúrà. Wọ́n gbé ìgò epo Màmá síwájú. Olórí ìjọ, Bàbá Àpọ́sítélì, ṣe mí ní pẹ̀lẹ́, ó kí mi kú ọ̀nà, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Tíṣà, ìwọ lo mọ ìwé rẹ̀. Ọtí ni àbí kì í ṣe ọtí?”

“Bàbá, ọtí ni, ṣùgbọ́n…”

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ṣùgbọ́n náà. Ariwo ta. Àwọn obìnrin kan ń sunkún, ọkùnrin kan ń sọ pé ṣebí òun ti wí. Màmá tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọdún wo ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí n kò mọ̀ pé apá ìkẹyìn ọ̀rọ̀ ló yẹ kí n fi ṣáájú? Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ju tiwọn lọ, pé ẹ́ńjìnì ló ń mu ún, pé àwọn tó ń jẹ púpurú tí epo yẹn rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ń sunkún lórí rẹ̀.

Bàbá Akínfọlárìn dìde. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì lágbára. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

“Ìbéèrè mi kò gùn,” ó wí. “Bí Màmá bá gbé ìgò yìí sílé, kí ni yóò dá ọmọ ẹni dúró tí kò fi ní mu ún?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè gidi ni. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú kíláàsì, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi débi pé gbogbo ohùn tó bá dún sí mi létí, ìjà ni mo ń gbọ́. Mo na ọwọ́ sí pẹpẹ.

“Ẹ bi lọ́fíńdà tó wà níbẹ̀ yẹn léèrè! Ohun kan náà gan-an ló wà nínú rẹ̀. Kí ló ń dá ọmọ tiyín dúró tí kò fi mu ìyẹn?”

Mo rò pé mo ti borí. Bàbá náà wò mí. Ó jókòó, ó sì fi etí aṣọ funfun rẹ̀ bo ojú.

Àwọn àgbà jáde lọ sí yàrá kan. Wọn kò pẹ́. Bàbá Àpọ́sítélì ní lórí ohun tí Màmá ń sè, àwọn kò rí ìdájọ́ ṣe lónìí, kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ ná. Ṣùgbọ́n Màmá ló mú àlejò wá sí ilé Ọlọ́run, àlejò náà sì fi pẹpẹ ṣẹ̀sín, ó sì fi ọgbẹ́ àgbà kan ṣeré. Nítorí ìyẹn, kó bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìkórè.

Ẹjọ́ epo ni mo wá rò, ẹjọ́ ẹnu mi ni wọ́n dá. Màmá bọ́ aṣọ náà níbẹ̀. Ó wọ bùbá àti ìró àǹkárá lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó ti mọ̀. Ó ká a, ó gbé e lé ọwọ́ obìnrin tó ń tọ́jú aṣọ ìjọ.

Màmá ló sọ ọ́ fún mi bí a ṣe ń rìn lọ sílé. “Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Bàbá Akínfọlárìn bí. Ògógóró ló pa á. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lánàá nìyẹn.”

Mo rò pé mo kàn ń sọ “yéè” ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ́ńjìnì náà jí, àwọn obìnrin sì tò pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn. Wọ́n ń kí Màmá pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ kan náà kò sì wo àǹkárá tó wà lára rẹ̀. Ó rin ẹ̀gẹ́ wọn tán. Nígbà tí mo ń di ẹrù mi, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Tíṣà, kọ̀wé sí wọn. Bẹ̀ wọ́n.”

“Bẹ̀ wọ́n nítorí kí ni? Irọ́ wo ni mo pa? Ẹ sọ ọ̀kan fún mi!”

“O ò parọ́. Bẹ̀ wọ́n nítorí aṣọ mi.”

Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ṣèlérí. Láti Òde-Ayé dé Òkìtìpupa, láti Òkìtìpupa dé Òrè, mo ń jà lọ́kàn mi. Kí àwọn tó fi lọ́fíńdà wọ́n ilé bẹ̀ mí! Kí àwọn tó kó epo pamọ́ bẹ̀ wá! Ní Òrè, òkìtì èso jíjẹrà náà ti ga sí i. Ní Oǹdó, a wà lórí ìlà epo fún wákàtí mẹ́ta, dẹ́rẹ́bà sì tún fi ogójì náírà kún owó wa. Gbogbo ẹni tí mo bínú sí ló yẹ kí n bínú sí. Ibi tí mo bá a dé kí n tó dé Ifẹ̀ nìyẹn: mo jàre, Màmá ló sì sanwó ìjàre mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Ọkọ mi ní ṣé ẹ̀kọ́ wà nínú ìrìn àjò náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé epo wà nínú òkìtì ààtàn wa, a sì ń bá ara wa jà nítorí ìgò kan. Mo ní mo tún kọ́ òmíràn, ìyẹn ni pé kò yẹ kí n wọ ilé ẹni láti jẹ́rìí kí n tó bi onílé ní ohun tí n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sídìí tábìlì. Bàbá Akínfọlárìn ni mo kọ̀wé sí, kì í ṣe ìjọ. Mo dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn bó ṣe yẹ kí n ti dá a lóhùn. Mo ní kí Màmá máa da ìdérí bẹntiróòlù kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ tó bá ti kán tán. Ọmọdé tó bá gbé e sẹ́nu á tu ú dà kó tó gbé e mì, ẹ́ńjìnì yóò sì tètè jí. Mo ní kí Bàbá fúnra rẹ̀ wá dúró níbẹ̀, kí ó máa fi ojú ara rẹ̀ rí bí Màmá ṣe ń dà á.

Mo wá kọ pé mo bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló pẹ́ lọ́wọ́ mi ju gbogbo lẹ́tà náà lọ. Ní ọjọ́ kejì, mo fi í rán dẹ́rẹ́bà tó ń lọ Òkìtìpupa. Inú ṣì ń bí mi, ó ń bí mi títí di òní, ṣùgbọ́n aṣọ funfun náà kì í ṣe tèmi.